Àgbádárìgì fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀: àgbéyẹ̀wò

Nínú àwọn ìlú ìtàn tó sún mọ́ Èkó, Àgbádárìgì ló bá arìnrìn-àjò tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn mu jù. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọgbà ẹrú Sérìkí Àbásì, ọjà ẹrú Vlekete àti èbúté kò jìnnà síra wọn, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn ín. Owó ọkọ̀ kọ́ ló ń tú àpò níbẹ̀, owó ẹnu ọ̀nà ni. Ìjọba ló ni ibì kan, ìjọ ló ni òmíràn, ìdílé ló ni èyí tó kù, kálukú sì ń gba tirẹ̀.

Láti Erékùṣù Èkó, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, láti Marina dé Mile 2. Káàdì Cowry ni wọ́n ń lò níbẹ̀, nítorí náà ẹ ti fi owó sínú rẹ̀ kí ẹ tó dé ẹnu géètì. Ní Mile 2, ẹ wá bọ́ọ̀sì tó ń lọ Àgbádárìgì tààrà. Àwọn kan á pariwo Àgbádárìgì, wọ́n á sì já gbogbo èrò sílẹ̀ ní Àgbárá, ẹ ó tún wá san owó mìíràn. Ẹ bi àwọn èrò tó ti jókòó léèrè, ẹ má bi kọ̀ńdọ́. Láti 2009 ni wọ́n ti ń fẹ ọ̀nà náà, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Òkòkòmaikò àti Àgbárá kò sì ṣe é fọkàn tán. Ẹni tó bá kúrò ní Mile 2 lẹ́yìn agogo méje àárọ̀ ti fi ọ̀sán ṣòfò. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, torí ọ̀nà ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni, àwọn òṣìṣẹ́ aláṣọ kò sì wọ́n níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń fi Gbẹ̀rẹ̀fú, erékùṣù tó wà lódì kejì ọ̀sà, sí ìkẹyìn. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá sọdá ọ̀sà, iyanrìn ló kù, ó tó ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, òjìji kò sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Tí oòrùn bá ti mú, iyanrìn á máa jó ẹsẹ̀ nínú sálúbàtà. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì gbé omi dání láti ìlú. Ọkọ̀ èrò wà fún àwọn ará erékùṣù, ó sì dínwó gan-an ju èyí tí wọ́n á ṣátà fún àlejò. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kún kó tó gbéra. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì kò ṣe é gbójú fò. Tí kò bá sí èyí tó bá yín mu, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.

Lójú ọ̀nà ni kànga tí wọ́n ní wọ́n ń mú àwọn ẹrú mu nínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ní ìparí, òpó kọnkéré méjì ló dúró létí òkun níbi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀. Ẹni tó bá ń retí ilé ńlá á já kulẹ̀. Ní tèmi, ìrìn yẹn gan-an ni ohun tí a wá wò. Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀ o, ìgbì òkun náà lágbára.

Nígbà tí ẹ bá padà sí ìlú, ọgbà Sérìkí Fárẹ́mì Williams Àbásì ni kí ẹ fún ní àkókò jù. Yàrá 40 ni wọ́n sọ pé ó wà níbẹ̀, èèyàn 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ta Sérìkí fúnra rẹ̀ lẹ́rú rí kó tó di olówò ẹrú. Ó kú ní 1919, ibojì rẹ̀ sì wà nínú ọgbà. Wọ́n á sọ pé nǹkan bí 1840 ni wọ́n kọ́ ilé náà. Ọdún méjèèjì jìnnà síra, ẹ bi afinimọ̀nà léèrè bó ṣe rí. Èyí tó mọ iṣẹ́ á ṣàlàyé, èyí tó há ìtàn sórí á kàn tún un kà.

Ilé Mobee, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìdílé Mobee, kéré, ó sì yá parí, ṣùgbọ́n níbẹ̀ lẹ ti lè rí ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n fi ń de àwọn ẹrú. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n sì parí ní 1845, tọ́ sí owó rẹ̀ nítorí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí Àjàyí Crowther ṣe níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wíwo òkúta ìrántí igi Agia láti ìta, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìn rere ní 1842. Igi náà wó ní 1959.

Ní ti afinimọ̀nà, ẹ ná an kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀: iye ibi tí ẹ ó dé, ẹni tó máa san owó ẹnu ọ̀nà, àti bóyá owó ọkọ̀ ojú omi jẹ́ àlọ àti àbọ̀. Àbọ̀ yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, ẹ ó sì wà lódì kejì ọ̀sà nígbà tí wọ́n bá rántí. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, nítorí ṣéńjì kì í sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè já nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe tíránsífà. Ẹ béèrè owó kámẹ́rà kí ẹ tó yọ fóònù.

Tí ẹ kò bá ní sùn síbẹ̀, ẹ ti wà nínú bọ́ọ̀sì kó tó di agogo mẹ́ta ọ̀sán. Tí ẹ bá máa sùn, ẹ tan iná, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, kí ẹ tó sanwó yàrá.