Òpin Mass Effect 3: ojú ayé ni, àbí inú orí Shepard?

Láti ọdún 2012 tí ilé-iṣẹ́ BioWare ti gbé Mass Effect 3, géèmù ogun ojú òfurufú, jáde ni àríyànjiyàn ti ń lọ lórí òpin rẹ̀. Àwọn kan ní ohun tí ojú rí náà ló ṣẹlẹ̀: Shepard, ọ̀gá ọmọ ogun tí à ń darí nínú géèmù náà, dé Citadel, ibùdó ńlá kan ní òfurufú, ó bá ọmọ iwin kan sọ̀rọ̀, ó sì yan bóyá kó pa àwọn Reaper (àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń pa àwọn ẹ̀dá rẹ́) run, kó darí wọn, tàbí kó da ẹlẹ́ran ara pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Àwọn kejì ní rárá o. Wọ́n ní látìgbà tí ìtànṣán Harbinger, ọ̀kan nínú àwọn Reaper, ti dá a dùbúlẹ̀ ní London ni àwọn Reaper ti ń du ọpọlọ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ̀rí àwọn kejì yìí dùn-ún gbọ́, kí n má parọ́. Ẹ wo àwọ̀ nìkan. Pupa, tí géèmù náà fi ń sàmì ìwà líle, ni wọ́n fún ìparun tí Anderson, ọ̀gá Shepard, ń fẹ́; búlúù, àwọ̀ ọmọlúàbí, ni wọ́n wá fún ìdarí tí Illusive Man, ẹni tí àwọn Reaper ti gba ọpọlọ rẹ̀, ń polongo, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣi Shepard lọ́nà. Ìparun nìkan náà ni àyà tó wọ ìhámọ́ra ti lè mí gúlẹ́ lábẹ́ àlàpà níkẹyìn, bí ẹni pé Shepard ta jí, bí ọmọ ogun ẹni bá pọ̀ tó.

Àmọ́ bó bá jẹ́ àlá, ogun ò tíì parí nìyẹn, géèmù ò sì ní òpin. Extended Cut, àfikún sí òpin náà tí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún náà tún fi àbájáde yíyàn kọ̀ọ̀kan hàn kedere, kò sí ẹni tó ta jí. Ti àwọn àkọ́kọ́ ni mo gbà, bí ọmọ iwin yẹn tilẹ̀ ń bí mi nínú.