Ẹ̀rín Ètè tàbí Yíyí Èrò Inú Padà: Èwo Ló Ń Tán Òṣìṣẹ́ Lókun Jù?

Ọ̀nà méjì tí òṣìṣẹ́ ń gbà kápá bí nǹkan ṣe rí lára rẹ̀ níwájú oníbàárà ni Arlie Hochschild, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, là sílẹ̀ ní 1983. Ẹ̀rín ètè ni àkọ́kọ́: inú ń bí èèyàn, ojú ń rẹ́rìn-ín. Èkejì ni kéèyàn yí èrò inú padà kí ojú tó sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ẹni tó ń gba ìpè oníbàárà. Oníbàárà ń pariwo. Òṣìṣẹ́ tó ń fẹ̀rín bo ìbínú mọ́lẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: ó ń gbọ́ ẹjọ́, ó tún ń ṣọ́ ohùn ara rẹ̀ kí àṣírí má baà tú. Ìbínú ọ̀hún ò sì lọ. Eyín wà ní fífún pọ̀, èjìká le gbandi. Ìyẹn ni ìwádìí fi máa ń so ọ̀nà yìí mọ́ àárẹ̀ ọkàn. Tó bá yá, òṣìṣẹ́ á máa wo oníbàárà bí ẹni ń wo igi.

Ọ̀nà kejì máa ń nira níbẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dáhùn, ẹ mí kanlẹ̀, kẹ́ ẹ bi ara yín pé: "Kí ló bà jẹ́ fún ẹni yìí?" Bóyá owó rẹ̀ ló há. Bí èrò bá ti yí, ohùn á rọ̀ fúnra rẹ̀. Òun la fara mọ́, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ tánni lókun. Àmọ́ èébú ò ṣeé yí sí rere o! Ọ̀gá ni kó gba irú ìpè bẹ́ẹ̀, kí òṣìṣẹ́ sì sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó gbé òmíràn.