Àpò Kan Ni Gbogbo Wa Ń Ki Ọwọ́ Bọ̀: Ọdún Mẹ́ta Mi Nínú Ẹgbẹ́ Òǹkọ̀wé Tí À Ń Sanwó Sí

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ti fi ń san owó àsansílẹ̀ sí ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé kan lórí ayélujára, tí mo sì ń gbé iṣẹ́ tuntun síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí pé ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ẹni tí ó bá sì ti wà nínú irú rẹ̀ rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Ẹni tí ó bá san owó oṣù lè ka gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ kọ̀wé yóò forúkọ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì wà níbi tí àwọn tí ó sanwó nìkan ti lè kà á. Nígbà tí oṣù bá parí, wọn yóò pín apá kan nínú owó tí gbogbo wa dá fún àwọn òǹkọ̀wé, gẹ́gẹ́ bí àkókò tí àwọn òǹkàwé lò lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ohun èlò, n kò ní ẹ̀sùn kankan. Ojú ewé tí a fi ń kọ̀wé mọ́ tónítóní, kò sí ìpolówó ọjà tí ń yọ síni lójijì, àmì ohùn ń jókòó sórí ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ (ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn ìkànnì mìíràn ṣe ń sọ wọ́n di àpótí kékeré kékeré yóò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré), bí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì já, ohun tí mo ti kọ kì í sọnù. Ká ní ohun èlò nìkan ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá ti parí síbí. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹta tí mo débẹ̀ ni mo ti ń bá àríyànjiyàn kan pàdé, tí kò sì tíì tán títí di òní: irú iṣẹ́ wo ni ó yẹ kí a máa rí níbi tí àwọn ènìyàn ti sanwó kí wọ́n tó wọlé?

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìjà yìí yé òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àpò owó. Lórí Substack, ìkànnì tí òǹkọ̀wé ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí òǹkàwé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2017, òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ni ó ní àwọn òǹkàwé tí ń sanwó fún un, ilé iṣẹ́ náà a sì mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀. Bí aládùúgbò mi bá kọ ìsọkúsọ, kò dín owó tèmi kù. Ti Medium, ìkànnì òǹkọ̀wé mìíràn, yàtọ̀. Láti ọdún 2017 ni ó ti ń pín owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fún àwọn òǹkọ̀wé; ní ìbẹ̀rẹ̀, iye pàtẹ́wọ́ (àmì tí òǹkàwé ń tẹ̀ láti fi hàn pé iṣẹ́ wu òun) tí òǹkàwé bá fún iṣẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kí ó tó di pé ní ọdún 2019 wọ́n yí i sí àkókò tí ọmọ ẹgbẹ́ fi kà á. Irú ìlànà kejì yìí ni ẹgbẹ́ tí mo wà ń lò. Àpò kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń ki ọwọ́ bọ̀, nítorí náà ìṣẹ́jú tí òǹkàwé bá fi ṣòfò lórí iṣẹ́ játijàti, owó ẹlòmíràn ni. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi máa ń le tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń jiyàn lórí ohun tí ó dà bí ọ̀rọ̀ ohun tí ó wu kálukú lásán.

Èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn ìjà náà dá lórí àwọn àròkọ tí ń kọ́ni bí a ṣe ń fi àròkọ pawó. Ẹ kò lè ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ kí ẹ má rí ẹnì kan tí ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe rí ẹgbẹ̀rún òǹkàwé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, tàbí ìdí tí ó fi yẹ kí gbogbo àkọlé ní nọ́ńbà nínú. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ní ó dà bí ọjà tí ó jẹ́ pé àwọn tí ń tajà níbẹ̀ nìkan ni ó ń ná ọjà lọ́wọ́ ara wọn, tí ẹni tí ó wá rajà gan-an yóò sì wọlé, tí yóò wò yíká, tí yóò sì padà sílé. Àwọn tí ó fẹ́ ẹ fèsì pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń sanwó ni òǹkọ̀wé, ohun tí wọ́n fẹ́ kà náà nìyẹn. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì. Èmi náà kò sì mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ní ọdún kejì mi, mo jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ ọ̀kan nínú irú àròkọ bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan àbọ̀, owó tí ó mú wá sì ju ti iṣẹ́ mọ́kànlá tí mo kọ ṣáájú rẹ̀ lápapọ̀ lọ. Ojú tì mí díẹ̀. Mo gba owó náà.

Ohun tí mo wá kọ gan-an ni ìtàn bí mo ṣe ń tọ́jú ìyá mi tí àìsàn ìgbàgbé ń dà láàmú. Apá mẹ́jọ ni mo pín in sí. Nínú apá kẹta, mo sọ bí Màmá ṣe máa ń ká aṣọ inúra méje kan láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Bí wọ́n bá ti ká a tán, wọn yóò pè mí kí n wá wò ó, n óò sọ pé “Ẹ ṣeun, Mà, ó dára gan-an,” wọn yóò sì tú gbogbo rẹ̀ ká láti tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta tí mo gbé e jáde ni olótùú kan fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé iṣẹ́ náà dára lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ara ẹni ni, àwọn kò sì ní gbé e síwájú àwọn òǹkàwé. Gbólóhùn tí ó fi parí rẹ̀ ni ó dùn mí jù: “Kí ni òǹkàwé yóò rí mú lọ?”

Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí mo ṣe ń bínú lọ ni ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ apá karùn-ún, ó ní: “Ẹ dákun, ṣé ìyá yín mọ̀ pé ẹ ń tà wọ́n?” Ọ̀rọ̀ náà gún mi, ó sì tún tọ̀nà. Màmá kò lè fún mi ní àyè, nítorí pé bí wọ́n bá tilẹ̀ fún mi lónìí, wọn kò ní rántí lọ́la. Mo padà sí gbogbo apá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo yọ ìpínrọ̀ mẹ́rin kúrò, èyí tí ó dá lórí ilé ìwẹ̀ àti èyí tí ó dá lórí ẹkún. Lójú tèmi, ìbéèrè olótùú ni kò bójú mu, ti òǹkàwé yẹn ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ máa bi gbogbo wa. Ṣùgbọ́n nínú ìlànà ẹgbẹ́ tí mo kà láti òkè délẹ̀, gbólóhùn kan péré ni ó kan ọ̀rọ̀ àwọn tí a ń kọ̀wé nípa wọn.

Àwọn akéwì ni ìlànà àkókò kíkà yìí ń fìyà jẹ jù. Ewì onílà mẹ́rìnlá kì í gba òǹkàwé ju ìṣẹ́jú kan lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè wà lọ́kàn rẹ̀ fún ọdún kan. Ohun tí àwọn kan wá ń ṣe ni pé wọn a kọ ewì ìlà mẹ́jọ, wọn a sì fi àlàyé gbọọrọ tẹ̀ lé e, àlàyé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Àwọn alábòójútó kò yọ ewì kúrò, wọn kò sì ṣe ohunkóhun fún un.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ OpenAI gbé ChatGPT jáde, ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé bí ènìyàn, kò sì pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn tí ń gbé àròkọ márùn-ún jáde lóòjọ́, lórí ìlera, lórí ìtàn ayé àtijọ́, lórí ìgbéyàwó, tí gbogbo rẹ̀ sì ń dún bákan náà bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń ka ìwé ìlànà ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òfin ẹgbẹ́ wa ni pé kí òǹkọ̀wé jẹ́wọ́ bí ó bá lo ẹ̀rọ. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kọ pátápátá kò gbọ́dọ̀ gba nǹkan kan nínú àpò, irú òfin tí Medium náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Mo fara mọ́ òfin náà. Ibi tí ó ti le ni ẹ̀rí, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tí ó lè sọ ní pàtó pé ènìyàn kọ́ ni ó kọ nǹkan. OpenAI fúnra wọn kó irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2023, nítorí pé kì í sábà mọ̀ ọ́n dáadáa. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ wa ti àkántì bàbá àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ pa fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, wọ́n ní èdè rẹ̀ tò ju bí ó ti yẹ lọ. Ìgbà tí bàbá náà ya àwòrán ìwé àjákọ, ìyẹn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó fi ọwọ́ kọ ránṣẹ́ ni wọ́n tó ṣí i. Bàbá náà kọ̀wé sí mi pé, “Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń lo kọ́mà.” Láti ìgbà náà ni èmi pẹ̀lú ti ń tọ́jú gbogbo àjákọ mi, bí ẹni tí ó ń tọ́jú rìsíìtì.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìtàn ìbálòpọ̀, tí àwọn kan fẹ́ kí á lé jáde pátápátá. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìwà mímọ́ nìkan ni ó wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìfowópamọ́ àti àwọn tí ń bá ìkànnì gba owó ní ohùn tí ó le níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, OnlyFans, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó wo àwòrán àti fídíò, kéde pé àwọn yóò fòfin de àwòrán ìbálòpọ̀ tí ó hàn gbangba nítorí àwọn ilé ìfowópamọ́, wọ́n sì yí ohùn padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹgbẹ́ tiwa kàn ní kí a fi àmì ọjọ́ orí sí i lára, èyí tí mo rò pé ó tó.

Ṣé kí ẹ sanwó? Bí ó bá jẹ́ láti kàwé ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá lè ní sùúrù láti fi ọ̀sẹ̀ méjì wá àwọn òǹkọ̀wé tí ẹ fẹ́ràn fúnra yín, kí ẹ sì pa ojú ewé àkọ́kọ́ tì. Bí ó bá jẹ́ láti pawó ni, ẹ kọ́kọ́ ka ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pín owó kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí irú iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń fẹ́, ohun yòówù tí ó bá kọ sínú ìlànà rẹ̀. Èmi ti san ti ọdún kẹrin, gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé. Ìtàn Màmá ni mo yọ kúrò lẹ́yìn owó, ó sì wà ní gbangba báyìí fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ṣí i sílẹ̀, obìnrin kan tí ń tọ́jú bàbá rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ apá kẹta. Ó béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí mo máa ń ṣe sí àwọn aṣọ inúra náà nígbà tí Màmá bá ti sùn. Mo dá a lóhùn pé mo máa ń tú wọn ká lóru, kí Màmá lè rí nǹkan ká bí ilẹ̀ bá mọ́.