Ẹ yẹ ojú ìwé wò kí ẹ tó ra ìwé Lápàdé

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àṣà wa kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, Àjà Ló Lẹrù ti Ọládèjọ Òkédìjí ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀lé e ní 1971. Lápàdé ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú méjèèjì: ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, tí òwe àti orin kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn ni wọ́n kọ wọ́n, kí náírà tó dé ní 1973, ẹ ó sì gbọ́ bí àwọn èèyàn ìgbà náà ṣe ń kíra, tí wọ́n ń búra, tí wọ́n sì ń fọ̀rọ̀ gúnra lára.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí wọ́n ti ń rọra wádìí ọ̀rọ̀ kó wá Kọ́lá Akínlàdé lọ, pàápàá Owó Ẹ̀jẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹnu Lápàdé ló dùn mọ́ mi.

Ẹ̀dà Àjà Ló Lẹrù tèmi, ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni kan létí títì ní Dùgbẹ̀ ni mo ti rà á. Ayédèrú ni. Kò sí àmì ohùn kankan lára èèpo rẹ̀, ni àbúrò mi bá ń bi mí pé irú ajá wo ló tún lẹ́rù. (Ilé tó dàgbà sí ò ní àjà, ẹ bá mi dárí jì í.) Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná janjan, tí mo ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kà á, ojú ìwé 64 fò bọ́ sí 81. Mo padà lọ bá ọ̀gbẹ́ni náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò lè fọkàn ro ìyẹn náà ni?"

Bàbá mi ló gbà mí. Wọ́n kà á nílé ìwé, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Mọ́lété, wọ́n sì sọ gbogbo ibi tó já, torin torin. Nígbà tí mo wá rí ojúlówó rà, mo yẹ ibẹ̀ wò: ìdajì ohun tí wọ́n sọ ni ò sí nínú ìwé! Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n wọ awò wọn, wọ́n kà á tán, wọ́n ní tàwọn dùn jù ú lọ. Ìwé náà ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn di òní.