Fídíò Othello ti National Theatre: ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí áńkáṣíìfù tó sọnù

Lórí National Theatre at Home, ìkànnì tí ilé eré National Theatre ti ń fi fídíò eré wọn hàn, ni mo ti wo Othello, eré Shakespeare, tí Nicholas Hytner darí ní London lọ́dún 2013. Owó tí mo san tọ́ sí i. Adrian Lester ló ṣe Othello, Rory Kinnear ló ṣe Iago, ó sì ṣòro fún mi láti sọ èyí tó ta èkejì yọ.

Nínú eré náà, Iago purọ́ fún Othello, ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, pé ìyàwó Othello ń bá Cassio, igbákejì ọ̀gágun náà, ṣe àgbèrè. Àmọ́ wọ́n jẹ́ kí n rí i kedere pé ẹ̀tanú ló tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún owú. Àfẹ̀mọ́jú kò tíì pé ní Venice tí Iago àti Roderigo, ọkùnrin tó ń wá Desdemona fẹ́, ti ń pariwo lábẹ́ fèrèsé Brabantio, baba Desdemona, tí wọ́n ń pe ọ̀gágun tó ń jà fún ìlú wọn ní àgbò dúdú. Brabantio yìí ti máa ń gba Othello lálejò, ó ti jókòó gbọ́ ìtàn ogun lẹ́nu rẹ̀ rí. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ pé Desdemona, ọmọ òun, ti fẹ́ ẹ, ó ní oògùn ni wọ́n fi mú un. Kí ó tó kúrò níwájú ìgbìmọ̀ ìlú Venice, ó kìlọ̀ fún Othello pé obìnrin tó tan baba rẹ̀ lè tan òun náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Iago gbé dé erékùṣù Kípírù, níbi tí wọ́n rán Othello lọ, tó sì tún fi gún Othello lọ́kàn. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi ń sọ fúnra rẹ̀ pé bóyá torí pé òun dúdú ni. Mo dá fídíò dúró níbẹ̀, mo tún un wò. Ọ̀rọ̀ àwọn tó kórìíra rẹ̀ ló ń jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀, ó sì dùn mí gan-an.

Bárékè sọ́jà òde òní ni Hytner gbé ìtàn náà lọ, ó sì bá a mu, torí níbi tí ẹ̀mí ẹnì kan wà lọ́wọ́ ẹnì kejì, ta ni yóò ṣiyèméjì sí ọ̀rọ̀ Iago? Ilé ìtọ̀ ni Othello ti ń yọ́ gbọ́rọ̀ Cassio. Ibi tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ìtàn agbára tó wà nínú áńkáṣíìfù tí Othello fún Desdemona, tí Iago sì lò bí ẹ̀rí irọ́ rẹ̀: kò ríbi jókòó dáadáa láàárín aṣọ sọ́jà.

Ohun kan wà tí mi ò lè gbójú fò. Lọ́dún 1964, ilé iṣẹ́ yìí kan náà ṣe Othello, Laurence Olivier, òṣèré aláwọ̀ funfun, sì kun ojú rẹ̀ dúdú láti ṣe é. Gbọ̀ngàn tó ń jẹ́ orúkọ Olivier yìí ni Lester, tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, dúró sí.

Ẹ tan àkọlé ìsàlẹ̀ fídíò, torí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni. Ẹ má sì fi iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ nígbà tí Emilia, ìyàwó Iago, bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọkọ.