Rídà RFID méjì fún páálí ẹ̀wù: èwo ni kò ní jẹ́ kí táàgì forí gbárí?

Rídà RFID máa ń fi rédíò ka táàgì, ìyẹn àmì kékeré tó wà lára ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan. EPC Gen2, ìlànà tí rídà àti táàgì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ni méjèèjì ń lò. Ọ̀kan jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, wọ́n ti ti Q rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń pinnu iye àyè tí táàgì lè gbà dáhùn) pa sórí 4. Èkejì wọ́n, ó ń yí Q fúnra rẹ̀, ó sì gbà kéèyàn yan session (ètò tó ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó kí táàgì tó gbàgbé pé wọ́n ti ka òun).

Q gan-an ló ń jẹ owó èèyàn. Rídà á ṣí àyè 2^Q sílẹ̀, táàgì kọ̀ọ̀kan á mú nọ́ńbà kan, á dákẹ́ títí á fi kàn án. Bí méjì bá mú nọ́ńbà kan náà, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ pọ̀, rídà ò sì ní gbọ́ ìkankan. Q 4, àyè 16 nìyẹn. Ẹ gbé páálí kan tí ẹ̀wù 200 wà nínú rẹ̀ síwájú rẹ̀: táàgì 12 tàbí 13 á rọ́ sínú àyè kan, ariwo lásán ni rídà á máa gbọ́. Bí Q bá gun 8, àyè á di 256. Nǹkan bí 92 nínú 200 á dáhùn láìforígbárí ní ìyípo àkọ́kọ́, àwọn yòókù á sì tẹ̀ lé e. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tì í pa sórí 8 náà o: bí ẹ̀wù 5 péré bá ń kọjá, ó kéré tán àyè 251 ló ṣófo.

Session ló tẹ̀ lé e. Oríṣi mẹ́rin ló wà, S0 sí S3. Ní S0, gbàrà tí agbára bá kúrò lára táàgì ló ti gbàgbé pé wọ́n ti ka òun. Èyí tó sún mọ́ áńtẹ́nà á tún máa dáhùn, á bo ti ìsàlẹ̀ páálí mọ́lẹ̀. S2 ń rántí ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ lẹ́yìn tí agbára bá kúrò. Bí rídà méjì bá wà nítòsí ara wọn, ẹ fún ọ̀kan ní S2, èkejì ní S3, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀kan á pa táàgì lẹ́nu mọ́ fún èkejì.

Miller 4 àti FM0 jẹ́ ọ̀nà méjì tí táàgì lè gbà fi èsì ránṣẹ́ sí rídà. Miller 4 lọ́ra ju FM0 lọ, ṣùgbọ́n ó ń fara da ariwo rídà míì.

Fún ẹnu ọ̀nà tí ẹrù mẹ́wàá ń gbà kọjá, olówó pọ́ọ́kú ò burú rárá. Bí páálí yín bá lè pọ̀ sí i lọ́jọ́ iwájú, ẹ ó tún rídà rà ni.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ má wo bí nọ́ńbà ṣe ń sáré lójú kọ̀ǹpútà ọlọ́jà. Ó lè jẹ́ táàgì kan ṣoṣo ló ń kà léraléra. Ẹ gbé páálí tiyín lọ, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì ka iye nọ́ńbà EPC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ táàgì kọ̀ọ̀kan) tó yàtọ̀ síra.