Rọ́bà Bútáìlì fún Ilẹ̀kùn Ọkọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí N Ti Rà Ṣáájú Sípíkà

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá àwọn sípíkà tó bá ọkọ̀ mi wá lẹ́bi pé ohùn wọn kò dùn. Mo yọ wọ́n, mo fi tuntun tí fífẹ̀ wọn jẹ́ ínǹṣì 6.5 rọ́pò wọn, mo sì so amplifier, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn, mọ́ wọn. Síbẹ̀, bí mo bá ti gbé ohùn sókè díẹ̀, ńṣe ni ilẹ̀kùn á máa gbọ̀n rìrì, tí ohùn ìlù á wá dà bí ìgbà tí ènìyàn ń lu agolo òfìfo. Ọjọ́ tí mo tú ike inú ilẹ̀kùn kúrò ni ojú mi tó là: páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara ilẹ̀kùn níta, irin ti inú sì ní ihò ńlá tí ọwọ́ mi wọ̀ títí dé ìgúnpá.

Rọ́bà bútáìlì tí mo wá rà nípọn tó mìlímítà 2. Ojú rẹ̀ kan jẹ́ alumíníọ́mù tó ń dán, èkejì sì ń lẹ̀ típẹ́típẹ́. Kì í dínà mọ́ ariwo bí ògiri. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí páànù bá ń gbọ̀n, yóò gba ìgbọ̀nrìrì náà mọ́ra, yóò sì sọ ọ́ di ooru díẹ̀ tí ọwọ́ kò lè mọ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kan páànù náà, ó dún gbáú, ìró rẹ̀ sì ń lọ gbọọrọ. Lẹ́yìn tí mo lẹ ẹyọ kan ṣoṣo tí kò fẹ̀ ju ojú ìwé lọ sí àárín rẹ̀, mo tún kàn án, ó dún gbì, ó sì dákẹ́. Nítorí náà, kò pọn dandan kí a bo gbogbo páànù òde. Nǹkan bí ìdámẹ́rin rẹ̀, níbi tó ti ń gbọ̀n jù, ti tó. Àwọn ihò irin inú ni mo kà sí pàtàkì jù, mo sì dí wọn pa, torí pé ìró tí sípíkà ń tì sẹ́yìn lòdì sí èyí tó ń tì síwájú, bí méjèèjì bá sì pàdé, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, pàápàá ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo.

Ṣáájú èyí, rewáyà kan ti bá mi lẹ irú èyí tí wọ́n fi ọ̀dà títì ṣe. Nígbà tí oòrùn mú, ọ̀dà náà rọ̀, ó ń rùn nínú ọkọ̀, ó sì já bọ́ dí àwọn ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí omi òjò ń gbà jáde. Omi dúró síbẹ̀, irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Bútáìlì yìí ti rí irú ooru kan náà, kò sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba sùúrù: ẹ fi sípíríìtì nu páànù títí àkísà kò fi ní dọ̀tí mọ́, kí ẹ sì fi rólà tẹ rọ́bà náà títí àwọn àmì ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Etí alumíníọ́mù náà mú bí abẹ.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo, kò sì rí nǹkan púpọ̀ ṣe sí ariwo táyà àti afẹ́fẹ́. Ìyẹn fẹ́ fóòmù àti rọ́bà mìíràn lórí ilẹ̀ ọkọ̀. Ní ti sípíkà, iye wáàtì RMS, ìyẹn agbára tí sípíkà lè gbà láìdáwọ́dúró, ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye ńlá tí wọ́n kọ sára páálí, kí fíúsì wáyà amplifier sì wà nítòsí bátìrì gan-an, kí wáyà má baà gbiná bó bá kan irin ọkọ̀.

Sípíkà tuntun tí mo ti fẹ́ yọ dànù ló ṣì wà nínú ilẹ̀kùn iwájú. Mo ń gbọ́ ìlù lọ́tọ̀, mo ń gbọ́ akọrin lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn kò sì gbọ̀n mọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì ló kù, rọ́bà yìí kan náà ni mo sì máa rà fún wọn.